Dídá bẹ́rìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mọ̀

Bẹ́rìn ni ohun tó máa ń gbé ṣáàfù tàbí púlì ró kí ó lè máa yí láìha irin mìíràn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù, ìyẹn òrùka irin méjì tí bọ́ọ̀lù kéékèèké wà láàárín wọn, máa ń wà nínú alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀) àti nínú púlì tó ń mú kí bẹ́líìtì le. Ti kránkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, kò ní bọ́ọ̀lù rárá: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ ni, inú ọ́ìlì ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ òrùka ni wọ́n máa ń fín nọ́ńbà bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù sí. Bí a bá nu gíríìsì kúrò tí a sì tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó ti ń parẹ́ pàápàá lè hàn. Nínú 6203, 6 ń tọ́ka sí bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù ìlà kan, 2 ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe tóbi sí, 03 sì ń sọ ihò àárín. Láti 04 sókè, a ó sọ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn di ìlọ́po márùn-ún, nítorí náà ihò 6205 jẹ́ mílímítà 25. Ti 00, 01, 02 àti 03 yàtọ̀: 10, 12, 15 àti 17 ni. Ihò nìkan kò tó láti fi ra ọjà, nítorí 6203 àti 6303 jọ ní ihò mílímítà 17, ṣùgbọ́n òde ti àkọ́kọ́ jẹ́ 40, ìbú rẹ̀ 12. Ti èkejì jẹ́ 47 àti 14.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà ni àwọn tó ń rà máa ń fojú fò jù. ZZ túmọ̀ sí ìdérí irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 2RS sì jẹ́ ti rọ́bà. Ìdérí rọ́bà yìí kan náà ni NSK ń pè ní DDU, tí NTN ń pè ní LLU; ilé-iṣẹ́ Jàpáánì ni àwọn méjèèjì. C3 ń sọ pé àlàfo inú rẹ̀ fẹ̀ ju ti gbogbo-gbò lọ, kí irin lè ráyè wú nígbà tó bá gbóná. Bí a bá fi èyí tí kò ní C3 rọ́pò rẹ̀, ó lè há bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Níti ilé-iṣẹ́, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ọ̀kan náà: ìwọ̀n 6203 ti SKF ará Swídìn kò yàtọ̀ sí ti àwọn ará Jàpáánì.

Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́ pátápátá, a ó fi fẹ́níà, irin ìwọ̀n elétè méjì, wọn ihò, òde àti ìbú. Ó dára kí a wọn ṣáàfù náà, nítorí òrùka inú tó ti jẹ máa ń parọ́. Ìwọ̀n bíi mílímítà 25.4, tó jẹ́ íǹṣì kan gẹ́lẹ́, fi hàn pé íǹṣì ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tún máa ń pàṣẹ fún ìwọ̀n tí kò sí nínú ìwé ọjà kankan. Irú èyí, nọ́ńbà tó wà lára alternator tàbí ti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ la fi ń wá a. Bẹ́rìn pọ́ǹpù omi sábà máa ń wà pọ̀ mọ́ ṣáàfù, nítorí náà odindi pọ́ǹpù ni a sábà máa ń rà.

Ti kránkì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń wò. STD jẹ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́; 0.25 tàbí 0.50 (mílímítà) fi hàn pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ fá kránkì náà rí. Ojú kránkì tó bá ti ní ìlà gbọ́dọ̀ di fífá kí a tó mọ ìwọ̀n tí a ó rà, ohunkóhun tí ì báà wà lẹ́yìn èyí tó ti gbó.