Bí tọ̀nédò ṣe la àárín ìlú Atlanta kọjá

Ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ló gbà pé tọ̀nédò, ìjì líle tó ń yí gbirigbiri, kì í wọ àárín ìlú ńlá, pé ilé gogoro á tú u ká kó tó débẹ̀. Irọ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Kẹta ọdún 2008, ọ̀kan la àárín ìlú Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia kọjá.

Ààjà tó ń gbé ekuru àti ewé gbígbẹ lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ là ń wí. Ilẹ̀ gbígbóná ló ń bí ààjà, ìsàlẹ̀ ló sì ti ń gòkè. Inú ìkùukùu òjò ni tọ̀nédò ti ń wá. Afẹ́fẹ́ tó móoru, tó kún fún omi, máa ń fẹ́ wọ Georgia láti Gulf of Mexico, èyí tó tutù tó sì gbẹ á wà lókè rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá ń sáré ju tìsàlẹ̀ lọ, tó tún kọjú síbòmíràn, èyí tó wà láàárín wọn á máa yí gbirigbiri ní ìbú. Afẹ́fẹ́ móoru tó ń ru gòkè nínú ìjì ló ń gbé yíyí náà nàró. Ọ̀pọ̀ irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ kì í bí nǹkan kan. Nínú díẹ̀, yíyí náà á fún, á túbọ̀ yára, á sì kan ilẹ̀.

Kí ni ilé fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Òtẹ́ẹ̀lì Westin Peachtree Plaza, alájà 73, kò ju nǹkan bíi mítà 220 lọ sókè. Irú ìkùukùu yìí a máa ga ju kìlómítà 10 lọ. Ohun tó ń dín in kù ní àárín ìlú ni pé ibẹ̀ kéré gan-an lára gbogbo ilẹ̀ tí ìjì lè gbà.

Rédà, ẹ̀rọ tó ń wo òjò láti ọ̀nà jíjìn, ló ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ tètè kígbe. Ó máa ń rí i pé òjò apá kan ń sún mọ́ òun, tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an sì ń sá lọ. A jẹ́ pé nǹkan ń yí níbẹ̀ nìyẹn. Ìkìlọ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ kò tó ìṣẹ́jú 15 sígbà tí ìjì dé. Ẹgbẹ́ yunifásítì Alabama àti ti Mississippi State ń gbá básíkẹ́tì lọ́wọ́ nínú Georgia Dome, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá kan ní àárín ìlú. Mykal Riley ti Alabama ju bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí àkókò ń tán lọ, wọ́n di ọ̀mì, wọ́n sì fi àkókò kún eré. Láìsí bọ́ọ̀lù yẹn, èrò ìbá ti kún títì.

Títì ló sì léwu jù, nítorí gíláàsì. Ní abúlé, páànù àti igi ni ìjì ń gbé. Ní àárín ìlú, fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì ló rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ìjì lọ tán, àfọ́kù ṣì há sójú fèrèsé lókè, ó lè já nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dí àwọn títì kan.

Agbára tọ̀nédò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wọ̀n lójú ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ máa ń rin ipa rẹ̀, wọ́n á wo ohun tó bàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kí wọ́n tó fi sí ipò láti EF0, tó rọ̀ jù, dé EF5, tó le jù. Ti Atlanta jẹ́ EF2: afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 209 ní wákàtí kan, ipa rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10. Ní àdúgbò Cabbagetown, apá kan ilé ìhunṣọ àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ibùgbé wó. Igi ńlá wó lu ibojì àtayébáyé ní itẹ́ òkú Oakland. Ẹnì kan kú, nǹkan bí 30 fara pa.

Westin ló jìyà àtúnṣe. Gíláàsì rẹ̀ ti pẹ́ débi pé wọn kò rí irú rẹ̀ rà mọ́ láti fi dípò èyí tó fọ́. Wọ́n ní láti pààrọ̀ gbogbo fèrèsé ilé náà, ó lé ní 6,000.