Asẹ́ amáwọ̀ràn: ẹ fi bàìbàì sílẹ̀ fún àtùpà

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ àwòrán ka àlàyé Yorùbá kan tó ní kó "sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì". Ó ṣe bí wọ́n ṣe wí: ó fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Òdòdó pupa, ewé, aṣọ aláràbarà tó wà lẹ́yìn, gbogbo wọn ṣì wà gedegbe, wọ́n kàn wà nínú òkùnkùn ni. N kò bá a wí. Ẹni tó kọ àlàyé yẹn ló jẹ̀bi. Ohun tó ní lọ́kàn ni asẹ́ amáwọ̀ràn, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ kí etí nǹkan inú àwòrán má hàn gedegbe mọ́, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "blur".

Bàìbàì, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ ló ń jó bàìbàì. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ á ní a ṣáà ń sọ pé àgbàlagbà ń ríran bàìbàì. Òótọ́ ni, ojú ẹni tó ń wò nìyẹn; kì í ṣe àwòrán tí à ń wò. Àwọn tó sì ń kọ "bílọ̀", ṣé Yorùbá ò lẹ́nu mọ́ ni?

Ẹ wo ohun tí asẹ́ yìí ń ṣe. Ká ní píksẹ́lì kan, ìyẹn ẹyọ kékeré kan lára àwọn tó para pọ̀ di àwòrán, mọ́lẹ̀ tó 250, tí gbogbo èyí tó yí i ká jẹ́ 70. Asẹ́ á ro píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á pín in sí 9. Ti àárín á já sí 90. Àwọn mẹ́jọ tó yí i ká náà á gòkè sí 90. Àròpọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jẹ́ 810 tẹ́lẹ̀, 810 ló ṣì jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wo ló wá di bàìbàì níbẹ̀?

Ẹ kán yíǹkì pupa àti ti àwọ̀ ewé sórí bébà tó rin fún omi. Yíǹkì ò dín, etí rẹ̀ ló sọnù. Ó ń ràn lọ bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń di àwọ̀ bí ewé gbígbẹ níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe iṣẹ́ asẹ́ yìí ní ìmáwọ̀ràn: à ń mú àwọ̀ ràn.

Ẹ má sì pe asẹ́ ní "àwọ̀n" mọ́. Ẹ gbìyànjú láti kọ "àwọ̀n àwọ̀" kí ẹ wo bó ṣe rí lójú! Asẹ́ máa ń dá èyí tí kò kúnná dúró, á jẹ́ kí èyí tó kúnná kọjá. Níhìn-ín, ìyàtọ̀ òjijì láàárín àwọ̀ méjì ló ń dá dúró.

Irú asẹ́ yìí kan tí wọ́n fi orúkọ Gauss pè, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì nì (1777–1855), máa ń fún píksẹ́lì tó sún mọ́ ní ìpín tó ju ti ọ̀nà jíjìn lọ. Kò yẹ kó ní orúkọ mìíràn. Àwọ̀ náà ló ń ràn.

Nọ́ńbà tí ẹ ó máa yí ni bí àwọ̀ yóò ṣe ràn jìnnà tó. Nínú àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 1000, 2 tàbí 3 á mú ojú rẹ̀ rọ̀. Tó bá di 40, òdòdó ò ní jọ òdòdó mọ́. Ẹ ya ẹni inú àwòrán sọ́tọ̀ kí asẹ́ má kan ojú rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà àkọ́kọ́, torí àwọ̀ tó ti ràn kò ṣeé kó padà síbi tó ti wá.