"Ìbọn ló ṣèèṣì yìn": kí ni òfin ń pè ní èèṣì?

Ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ ti kà á nínú ìwé ìròyìn. Ọlọ́pàá yìnbọn, èèyàn kú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ní ìbọn ló ṣèèṣì yìn. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ń pè é ní "àksídẹ́ńtà dísíṣáàjì" (accidental discharge). Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lẹ́nu débi pé ọlọ́kadà tó dúró sẹ́bàá òkú lè sọ ọ́ kí agbẹnusọ ọlọ́pàá tó dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. "Ó yìnbọn": ẹnì kan wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. "Ìbọn yìn": ẹni náà ti pòórá, ìbọn nìkan ló kù lójú agbo. Tí wọ́n bá wá fi "ṣèèṣì" kún un, ikú náà di bí ìgbà tí igi wó lu èèyàn lọ́nà oko, tí kò sí ẹni tí a ó bi léèrè. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n dá ẹni náà padà sínú gbólóhùn, kí n sì sọ ohun tó yẹ kó wá ṣàlàyé níwájú òfin.

Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ìhà Gúúsù Nàìjíríà, abala 24 sọ pé a kì í dá èèyàn lẹ́bi fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ ẹ, tàbí ohun tó jẹ́ èèṣì pọ́nńbélé. Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ọlọ́pàá á kàn máa bá tirẹ̀ lọ ni. Àmọ́ òfin kan náà yọ àìbìkítà kúrò nínú ààbò yẹn. Ó tún sọ pé ẹni tí ohun eléwu bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mójú tó o kó má baà gba ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ẹni tí kò bá mójú tó o, tí èèyàn wá kú, ó ti pànìyàn. Wọn kò ní pè é ní ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn tó ń gbé èèyàn dé orí okùn, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére.

Ẹ wò ó báyìí. Ọlọ́pàá kan gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ti tì í, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ já kọlù ú láti ẹ̀yìn, ìbọn fò ṣánlẹ̀, ó dún. Ìyẹn lè jẹ́ èèṣì. Ọlọ́pàá kejì ti kọ́ọ̀kì ìbọn tirẹ̀ látàárọ̀. Ó na ẹnu rẹ̀ wọ fèrèsé dánfó nítorí owó tí kò tó nǹkan, ìka rẹ̀ wà lórí apátí, ó ń bá kọ̀ńdọ́ fa ọ̀rọ̀, kọ̀ńdọ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, ìbọn dún. Ọlọ́pàá yìí náà á ní òun ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Síbẹ̀ èèṣì kọ́ nìyẹn, nítorí gbogbo ohun tó mú ìbọn dún ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí kọ̀ńdọ́ tó fọwọ́ kàn án.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìbọn náà, torí ọ̀pọ̀ wa kò tíì dì í mú rí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yí wa lórí. AK-47 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá wa. Irin pẹlẹbẹ kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Tí irin yìí bá wà lókè pátápátá, ìbọn ti tì nìyẹn, apátí kò ṣeé fà. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ wá sáàárín, ọta á máa tú jáde léraléra níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọta á máa jáde. Tí wọ́n bá sì ti ṣí i, ẹnì kan ṣì ní láti fa ọwọ́ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ọta tó lè kúrò nínú mágásìn bọ́ sí ẹ̀yìn ihò ìbọn. Ìyẹn ni kíkọ́ọ̀kì tí gbogbo èèyàn máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ ní ojú títì, *kà-kà*, tí ara á sì bù rìrì. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan ìka lórí apátí.

Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò sọ pé ìbọn kì í ní àléébù. Ìbọn tó ti gbó lè ṣe bó ṣe wù ú, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gbé e fún onímọ̀ ìbọn láti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ pé èèṣì ni. Àwọn àgbà ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ní ojú títì wa, wọ́n ń kọjú rẹ̀ sí ìyá ọlọ́mọ àti ọmọ iléèwé, wọn kì í sì í ti ìbọn náà pa. Ó ń dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2022, agbẹjọ́rò Bọ́láńlé Raheem wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ẹbí wọn nítòsí afárá Ajah l'Ékòó. Oyún wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n dúró, ìbọn dún, ó kú. Ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn náà kàn, Drambi Vandi, wà ní ipò ASP (Assistant Superintendent of Police). Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó, níwájú Adájọ́ Ìbírónkẹ́ Harrison, kì í ṣe omijé ẹbí nìkan ni ìjọba gbé síwájú ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá tó bá a dúró lójú títì lọ́jọ́ náà jẹ́rìí. Ohun tó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ẹ̀rí nípa yàrá ìbọn: nígbà tí wọ́n ka ọta tí ọkùnrin náà gbà jáde, méjì dín. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, kò tíì pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n sin obìnrin náà, adájọ́ dá a lẹ́bi ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Ìwé kan wà ní gbogbo yàrá ìbọn ọlọ́pàá. Kí ọlọ́pàá tó jáde síṣẹ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà ìbọn, iye ọta, orúkọ rẹ̀ àti aago, á sì buwọ́ lù ú. Nígbà tó bá dé, wọ́n á tún ka ọta náà. Ọta kíkà yìí ni ìpìlẹ̀ jíjíhìn. Láti ọdún 1990, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àpérò ní Havana, ní orílẹ̀-èdè Cuba, ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé agbófinró gbọ́dọ̀ lè jíhìn ìbọn àti ọta tí wọ́n fún un, àti pé kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn tó lè pani àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti dá ẹ̀mí sí. Ẹnu lè purọ́, agbẹnusọ lè purọ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó ọta jáde tí wọn kò kó gbogbo rẹ̀ padà, ẹnì kan ní láti sọ ibi tí èyí tó kù wọlé sí.

Òfin tiwa náà kò fún ọlọ́pàá láṣẹ láti pa ẹni tó bá wù ú. Abala 33 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló dáàbò bo ẹ̀mí. Ó fàyè díẹ̀ sílẹ̀: láti dáàbò bo èèyàn tàbí dúkìá lọ́wọ́ ìwà ipá, láti mú ẹni tí òfin ní kí wọ́n mú tàbí dí i lọ́wọ́ kó má baà sá kúrò ní àtìmọ́lé, àti láti paná rògbòdìyàn. Níbi gbogbo tó sì ti fàyè náà sílẹ̀, ó ní agbára tí wọ́n lò kò gbọdọ̀ kọjá èyí tó pọn dandan. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá ní ìbọn ṣèèṣì yìn ti jẹ́wọ́ pé kò sí ìkankan nínú àwọn àyè wọ̀nyí níbẹ̀: kò sí adigunjalè, kò sí ewu. Èèṣì nìkan ló kù tó lè gbà á sílẹ̀. Ó yẹ kó lágbára gan-an ká tó gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú sí fún ẹbí olóògbé ni nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé "wọ́n ti gbé ọlọ́pàá náà lọ sí ọ́dalì rúùmù". Inú wọn á dùn, wọ́n á rò pé ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ kọ́. Ìgbẹ́jọ́ abẹ́lé ni, bí ìgbà tí iléeṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ló ń ṣe é fún àwọn ọlọ́pàá tí ipò wọn kò ga. Ìyà tó le jù tí wọ́n lè fi jẹni níbẹ̀ ni kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lè rán an lẹ́wọ̀n nítorí ìpànìyàn. Fún ASP àti àwọn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ PSC (Police Service Commission) ló ń bá wọn wí. Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ẹni tí wọ́n lé dànù lọ sílé ẹjọ́ gidi, bí wọ́n bá gbé e lọ. Tí wọ́n bá ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò wá dé ilé ẹjọ́, ẹni tó pànìyàn pàdánù owó oṣù rẹ̀, ó parí.

Gbólóhùn mìíràn tún wà tó jọ èèṣì, òun ni "adigunjalè ni wọ́n". Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Abuja, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan, àwọn tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí àwọn mẹ́fà Apo. Wọ́n ní olè ni wọ́n. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún méjì nínú àwọn ọlọ́pàá náà, wọ́n sì dá mẹ́ta mìíràn sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó pé ọdún méjìlá.

Kí ni ẹbí lè ṣe? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín láti tètè sin òkú kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà tí ọta gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde ń sọ ibi tí ẹnu ìbọn kọjú sí àti bó ṣe sún mọ́ni tó. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n yìnbọn lù, ẹ má pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn àti àgọ́ tí wọ́n ti wá, kí ẹ̀rù tó mú kí ẹ gbàgbé. Ní Èkó, láti ọdún 2007 ni òfin ti wà pé kí adájọ́ aṣèwádìí ikú jókòó lórí ikú tó bá ti ọwọ́ ìwà ipá wá, ẹbí sì lè kọ̀wé béèrè fún un. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn olùdarí ìgbẹ́jọ́ ìjọba, ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yín, àwọn ló ń sọ bóyá ẹ̀sùn ìpànìyàn wà níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, náà. Nínú ìwé yín, ẹ bi wọ́n ní tààràtà: ọta mélòó ni wọ́n kà fún un ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mélòó ló dá padà, ta ló sì buwọ́ lu ìwé?

Bí ìjọba bá kọ̀ láti gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹbí ṣì lè pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ fúnra wọn lórí ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí. Ìlànà ilé ẹjọ́ ti 2009 sọ pé kò sí ìgbà tó pẹ́ jù láti pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí ó bá ti tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ fún yín pé ìbọn ló ṣèèṣì yìn, ẹ ṣì lè lọ bi wọ́n léèrè.