Ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn àti ìbátan rẹ̀ olórí pupa

Ìròyìn tó ń tàn kálẹ̀ pé ẹyẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn wà nínú ewu ìparun ti da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú, nítorí wọ́n ní àwọn ṣì ń rí ẹyẹ dúdú olórí pupa nínú igbó.

Ṣé òótọ́ ni ìròyìn náà?
Òótọ́ ni.

Ẹyẹ wo gan-an ni?
Málíńbì Ìbàdàn ni, ẹbí kan náà ni òun àti ẹ̀gà. J. H. Elgood, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1958. Kò sí níbòmíì láyé àfi ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà.

Èwo wá ni àwọn èèyàn ń rí?
Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ málíńbì olórí pupa. Ibi tí ẹ ó ti mọ̀ wọ́n yàtọ̀ ni àyà. Pupa ti akọ olórí pupa bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, ó gba àtàrí dé ẹ̀yìn ọrùn, ó sì dúró síbẹ̀. Ojú, ọ̀fun àti àyà rẹ̀ dúdú kirikiri. Ti akọ málíńbì Ìbàdàn kò dúró lẹ́yìn ọrùn: ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn wá sí iwájú, ó sì yọ ní àyà lábẹ́ ọ̀fun dúdú. Ẹ tún wo ìṣe wọn, torí olórí pupa a máa pọ́n ara igi, a máa tú èèpo rẹ̀ wá kòkòrò.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ewu?
Olórí pupa tàn ká láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí dé Uganda àti Angola, nítorí náà àjọ IUCN, tó ń wọn ewu ìparun ẹ̀dá, kò kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Málíńbì Ìbàdàn kò ní ilé kejì. Bí oko, ilé àti igi ìdáná ṣe ń jẹ igbó wa, bẹ́ẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀ ń já sí abala kéékèèké, àwọn olùwádìí sì ti rí i pé abala tí igbó mìíràn ṣì yí ká ló máa ń gbà á jù. Pé ẹ dá igi díẹ̀ sí láàárín oko ńlá kò tó.

Ṣé ẹ̀gà orí ọ̀pẹ náà ń parẹ́?
Rárá.

Níbo ló ṣì ní ààbò?
Igbó inú ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bíi 350 hẹ́kítà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì. Oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí ilé iṣẹ́ náà tó dé ní 1967. Wọ́n fi í sílẹ̀, igbó sì padà hù.

Kí ni kí n ṣe bí mo bá rí i?
Ẹ má ṣe mú un, ẹ má sì fọwọ́ kan ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ ya àwòrán àyà rẹ̀, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ ti rí i ránṣẹ́ nípasẹ̀ áàpù BirdLasser, èyí tí àwọn tó ń ya máàpù ẹyẹ Nàìjíríà ń lò. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tí igbó ṣì wà lórí rẹ̀, pàápàá èyí tó pààlà pẹ̀lú igbó mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e.