Ìlà inú ọ̀pá ìbọn kì í fi agbára kún ọta

Tí àríyànjiyàn ìbọn bá ti bẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Mushin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnì kan á ṣáà sọ pé ìlà tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá ráìfù ló ń fún ọta lágbára. Rárá o! Ẹ̀tù ló ń ti ọta jáde, ìlà yẹn ò ti nǹkan kan, kódà ó máa ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹ̀tù kó tó lè yí ọta.

Ẹ wo ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, kò sí ìlà kankan, ọta rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ sí ihò kó lè ṣeé tì wọlé láti ẹnu ìbọn, torí náà tí wọ́n bá yìn ín, á máa gbá ara ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì bó ṣe ń bọ̀, ibi tó bá gbá kẹ́yìn ló máa yà á sí ibi tó wù ú.

Ti ráìfù yàtọ̀. Ọta fẹ̀ díẹ̀ ju ihò lọ, á fún wọnú ìlà, ìlà ń lọ́, ọta ò sì ríbi gbà ju kó lọ́ tẹ̀lé e. Ti AK-47, ìlà náà ń yípo lẹ́ẹ̀kan láàárín mìlímítà 240, ọta ń sá ní nǹkan bíi mítà 715 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ẹ pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgbà 3,000 tó ń yí ní sẹ́kọ́ǹdù kan ṣoṣo.

Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí á ti mọ ìyókù. Òkòtó tí ò yí, ẹ gbé e nàró, á ṣubú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ta á kó máa pòòyì, á dúró gbọn-in, tẹ́ ẹ bá rọra fọwọ́ kàn án pàápàá á kàn mì díẹ̀ ni, á tún dúró, àfìgbà tí yíyí yẹn bá rẹ̀ ẹ́. Bí ọta ráìfù ṣe rí gan-an nìyẹn. Afẹ́fẹ́ fẹ́ dojú rẹ̀ dé, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn, yíyí ló ní kí imú rẹ̀ ṣì kọjú síwájú, bí imú ṣe kọjú síwájú ni afẹ́fẹ́ ò fi rí i dá dúró, ló ṣe ń lọ jìnnà. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan, torí kò sí ẹ́ńjìnnì kankan nínú ọta o, ìlà lásán ni.

Ó lé ní 300 ọdún tí wọ́n ti mọ ìlà yìí ní Yúróòpù kó tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ sójà, torí kí wọ́n tó ti ọta tó fún wọlé láti ẹnu ìbọn, ọ̀tá ti dé. Ìbọn tí wọ́n ń kì láti ẹ̀yìn wà lára ohun tó wá mú un rọrùn, bíi Snider, ráìfù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1866. Irú ẹ̀ làwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Èkó fi ránṣẹ́ sílé nígbà Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ṣakabùlà ló sì pọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn nígbà yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé ọ̀pá tí ò nílà ti di ti àtijọ́ ṣá. Ìbọn pọ́ǹpù-ákṣọ̀n tó ń yin ọta wẹ́wẹ́ ò nílà, torí tí ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ bá ń yí, ṣe ni wọ́n máa fọ́n ká. Táǹkì Leopard 2 ti Jámánì náà, ọ̀pá rẹ̀ ń dán ni, torí ọta tó fi ń lu irin gùn tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ohun tí yíyí lè gbé dúró, ìyẹ́ ni wọ́n fi sí i nídìí.