Owó iná, omi àti kólẹ̀kódọ̀tí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Owó iná, omi àti kólẹ̀kódọ̀tí ni owó tí àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń san kí ilé lè ṣeé gbé. Ẹni tó bá ní mítà ń san owó iye iná tó lò, ṣùgbọ́n irú ilé téèyàn ń gbé ni owó ìdọ̀tí máa ń tẹ̀lé.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba àpapọ̀ ti fa ìpínná lé aládàáni lọ́wọ́, IBEDC, iléeṣẹ́ apínná tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn, ló ń pín iná sí Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti agbègbè wọn. "Owó NẸPA" ṣì ni ọ̀pọ̀ àgbà ń pè é. Láti ọdún 2020, báńdì, ìyẹn ìpele wákàtí iná tó yẹ kí èèyàn rí, ló ń sọ iye tí yúnìtì (ìwọ̀n iná) kan jẹ́: Báńdì A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó gbé iná wá sí àdúgbò, ni wọ́n ń pín sí báńdì, nítorí náà ilé méjì tí ò jìnnà síra lè máa ra yúnìtì ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé yúnìtì Báńdì A sókè sí náírà 225, kó tó dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó ra iná náírà 10,000 nígbà náà, owó-orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti mú nǹkan bíi náírà 698 nínú rẹ̀. Ìyókù ra yúnìtì bíi 41. Nọ́ńbà gígùn tó ní òǹkà 20 ni yóò tẹ̀ sínú mítà kí iná tó wọlé. Ẹni tí kò ní mítà ń gba bíìlì àfojúdá, èyí tí NERC fi òté lé iye tó lè tó ní ọdún 2020.

Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le, níbi tí yàrá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ń lo mítà kan. Àwọn ayálégbé kan máa ń pín owó sí iye yàrá. Ìyá àgbà tó ní gílóòbù kan àti rédíò á wá máa san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń ta omi tútù nínú fírísà. Ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ilé mìíràn ń ka póìntì: gílóòbù kan, póìntì kan, fáànù bákan náà, fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n mítà kékeré lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan ló ń pa ẹnu ìjà mọ́.

Omi ẹ̀rọ ìjọba wà lábẹ́ iléeṣẹ́ omi Ìpínlẹ̀ Ògùn. Níbi tí kò bá dé, kànga àti kànga ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò. Kò sí bíìlì omi níbẹ̀, àmọ́ pọ́ǹpù ń jẹ iná, owó omi sì ti wọ inú owó iná.

Òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ògùn, OGWAMA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìdọ̀tí, ló ń darí àwọn akólẹ̀ aládàáni.