Eegun itan kán: ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ tí X-ray kò lè sọ

Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn tí eegun itan rẹ̀ sì kán, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Dókítà, ibo ló ti kán?" Àwòrán X-ray á dáhùn ìyẹn. Àmọ́ X-ray kò rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú itan, kò sì rí iṣan ẹran ara tó fọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí a fà lọ sí yàrá àyẹ̀wò ló ń fi ìyẹn hàn, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ lè dà pamọ́ sínú itan kan ṣoṣo, láìsí pé ẹ̀kán kan hàn síta. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kò ju bíi lítà márùn-ún lọ. Eegun ìbàdí tún burú ju itan lọ. Síbẹ̀, PCV (àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, ní ìdá ọgọ́rùn-ún) àkọ́kọ́ lè jẹ́ 38, kí ọkàn gbogbo ẹbí sì balẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀: tí a bá bu ìdajì rẹ̀ kúrò, èyí tó kù ṣì ki bó ṣe ki tẹ́lẹ̀, ìgbà tí a bá da omi sí i ló ń ṣàn. Omi inú ara àti dírípù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bákan náà, tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ní apá tí dírípù ti ń wọlé, èsì náà á lọ sílẹ̀ lórí irọ́. Apá kejì ni kí wọ́n lò.

Èyí tí àwa gbẹ́kẹ̀ lé jù ní wákàtí àkọ́kọ́ ni láktéètì, èròjà kan tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá gbé ọ́síjìn dé ara tó, láktéètì á gòkè. Kò yẹ kó kọjá 2 mmol/L. Tó bá ti lé ní 4, ewu ńlá ni. Bí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn dírípù àti ẹ̀jẹ̀ tí a fún aláìsàn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa dà níbì kan, bóyá nínú ikùn. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, a kì í fi irin gígùn sínú eegun. A máa ń fi irin dè é láti ìta ná, kí ara lè kọ́kọ́ bọ̀ sípò. Kì í ṣe pé dókítà ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, ń gòkè lẹ́yìn ìpalára èyíkéyìí, ó sì ń dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé kòkòrò ti wọ ọgbẹ́. Tó bá ti ń wálẹ̀, tó wá tún gòkè, ìgbà yẹn ni ká wá kòkòrò lọ síbi ọgbẹ́.

CK ni ti iṣan: èròjà tó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan tó fọ́ ni. Tó bá kọjá 5,000 U/L, kíndìnrín wà nínú ewu, ìtọ̀ sì lè dúdú bíi kóòkì. A sábà máa ń rí i níbi tí nǹkan wúwo ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí POP (ìdè funfun tó ń le bí òkúta) tàbí igi tí wọ́n fi di ojúgun bá fún jù. Níbi èyí, ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò rárá. Tí ìrora bá ń pọ̀ sí i láìka oògùn sí, tó sì le gan-an nígbà tí ẹ bá rọra na ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ tú igi náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí ìwọ̀n àyà, kó má ga jù ú lọ, kí ẹ sì sáré lọ sílé ìwòsàn. Tó bá jẹ́ POP, ibẹ̀ ni wọn á ti là á. Láàárín bíi wákàtí mẹ́fà, iṣan náà lè kú.